Ọ̀nà Panya: Àwọn Alágbàṣe Nàìjíríà ní Erékùṣù Fernando Po

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, ó yẹ kí a ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá iṣẹ́ lọ. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé agbanisíṣẹ́ ni ó ránṣẹ́ pè wọ́n, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ìpè náà. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Erékùṣù Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko nísinsìnyí, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kòkó ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba Sípéènì ni ó ń ṣàkóso erékùṣù yìí. Àwọn olóko kòkó ibẹ̀ ní ilẹ̀ ọlọ́ràá, ṣùgbọ́n wọn kò ní òṣìṣẹ́ tó. Àwọn Bubi tí ó ni ilẹ̀ kò pọ̀, wọn kò sì fẹ́ di alágbàṣe lórí ilẹ̀ baba wọn. Ní ọdún 1928, àwọn olóko bá àwọn ènìyàn ńlá kan ní Làìbéríà ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa kó òṣìṣẹ́ wá. Ariwo ta pé tipátipá ni wọ́n ń kó wọn. Líìgì Àwọn Orílẹ̀-Èdè gbé ìgbìmọ̀ dìde ní ọdún 1930, ìgbìmọ̀ náà sì rí i pé ìṣe yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òwò ẹrú. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Charles King àti igbákejì rẹ̀, Allen Yancy, ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn Làìbéríà ti sé, ojú àwọn olóko yí sí Nàìjíríà. Àwọn alágbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í tan àwọn ọ̀dọ́ Ìgbò, Ìbìbíò àti Ẹ́fíìkì, wọ́n sì ń kó wọn kọjá lórí omi láìsí ìwé. Nígbà tí ó di ọdún 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì fọwọ́ sí àdéhùn kan láti fòpin sí ẹ̀tàn yìí. Kalabá ni ilé iṣẹ́ tí ń gba òṣìṣẹ́ wà. Ọdún méjì ni iye àkókò iṣẹ́. Apá kan owó iṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ ń gbà lóko. Ìyókù di ìgbà tí ó bá padà sílé. Panya ni wọ́n ń pe erékùṣù náà, láti ara España tí àwọn ará Sípéènì ń pe ilẹ̀ wọn. Ó hàn nínú orúkọ yìí pé ìlú ọ̀gá ni òṣìṣẹ́ gbà pé òun ń lọ, kì í ṣe ìlú àwọn Bubi.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé àwọn àṣà tiwa. Lóòótọ́, ìwọ̀fà ń sin olówó nítorí gbèsè, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ wà nítòsí, ó sì sábà máa ń rí àyè ro oko tirẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà, ó di òmìnira. Nínú oko kòkó ilẹ̀ Yorùbá bákan náà, lébìrà tí ọ̀gá rẹ̀ bá rorò lè di ẹrù rẹ̀ kí ó lọ sọ́dọ̀ olóko mìíràn. Irúgbìn kan náà ni, ṣùgbọ́n ní Panya, ẹni tí ó bá sá kúrò lóko kí àkókò tó pé ti di arúfin. Agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìwé rẹ̀ mọ̀.

Àìlera ètò náà hàn lẹ́yìn tí Equatorial Guinea gba òmìnira ní ọdún 1968. Lábẹ́ Ààrẹ Macías Nguema, wọ́n fìyà jẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì pa nínú wọn. Láàárín ọdún 1975 sí 1976, ìjọba Nàìjíríà fi ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wálé, wọ́n sì lé ní 20,000. Àwọn kan ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún níbẹ̀, síbẹ̀ wọn kò ní ilẹ̀, wọn kò sì ní ohùn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Macías fi ipá mú àwọn ará ìlú tirẹ̀ wọ oko.

Irú ètò yìí kò parí. Ní ọdún 2017, ìjọba Kánádà àti àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́rin tí ó wà létí òkun Àtìláńtíìkì bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Ní ọdún 2022 ó di ètò tí yóò máa bá a lọ. Níbẹ̀ pẹ̀lú, agbanisíṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí ni ó ń pe òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà: ìwé ìgbélùú títí lọ ni òpin ètò náà, òṣìṣẹ́ sì lè mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ dání. Bí ó bá ti gba ìwé yìí, kò sí lábẹ́ ọ̀gá kan mọ́.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Ìtàn Panya fi kún un pé bí owó àjò ti wù kí ó tó, ohun méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè: ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ lè fi ọ̀gá burúkú sílẹ̀ láìdi arúfin? Bí àwọn ìjọba tí ó fọwọ́ sí ìwé bá sì di ọ̀tá ara wọn, kí ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀? Àdéhùn ọdún 1942 kò ní ìdáhùn sí èyíkéyìí nínú wọn.