Ọkọ̀ Tí Kò Dúró De Afẹ́fẹ́ Mọ́: Pleiad Lórí Odò Ọya, 1854

Ní ibùdókọ̀ OPIC, dánfó kì í gbéra àfi bí èrò bá kún. Afẹ́fẹ́ ni ọkọ̀ onígbòkun ayé àtijọ́ ń dúró dè ní tirẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́, tàbí tó bá ń fẹ́ láti iwájú, atukọ̀ á fi ìdákọ̀ró sílẹ̀ nínú omi, á máa wojú ọ̀run. Níbi tí Odò Ọya ti pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka kó tó wọ òkun, irú ìdúró bẹ́ẹ̀ léwu, nítorí ibà ń pa àwọn àjèjì níbẹ̀.

Ní 1854, MacGregor Laird fi ọkọ̀ kan tó ní ìgbòkun àti ẹ́ńjìnnì papọ̀ ránṣẹ́. Pleiad ni orúkọ rẹ̀. Dókítà Baikie ni olórí ìrìn àjò náà, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, sì wà pẹ̀lú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbéra. Ọkọ̀ tó dákọ̀ró sínú odò máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ dáná sábẹ́ àgbá omi ẹ́ńjìnnì, wọ́n á dúró títí omi á fi hó dáadáa. Ẹ́ńjìnnì á wá rọra ti ọkọ̀ síwájú kí ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró lè dẹ̀, kí àwọn ọkùnrin sì fà á sókè. Bí wọ́n bá fà á kí ẹ́ńjìnnì tó lágbára, omi á gbé ọkọ̀ padà sẹ́yìn, ó sì lè gbé e lọ gún èbúté tí wọn kò fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń jẹun. Léraléra ni wọ́n ń dúró létí odò láti gé igi tí wọ́n á fi dáná, àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Áfíríkà ló sì ń gé e. Lójú tèmi, ìtàn kò ṣe dáadáa sí wọn. Ọjọ́ 118 ni Pleiad lò lórí odò, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó 12 tó kú. Kuníìnì ni gbogbo ayé ń yìn fún un. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta tí àwọn náà ní ẹ́ńjìnnì wá síbẹ̀ (Crowther bá wọn lọ), òyìnbó tó lé ní 40 ló sì kú. Àmọ́ kuníìnì kì í gé igi, kì í sì í fa ìdákọ̀ró.

Ní 1857, Baikie àti Crowther tún gbéra nínú ọkọ̀ mìíràn, Dayspring. Nítòsí Jẹ́bà, ní oṣù kẹwàá, agbára omi borí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ náà kọlu àpáta, ó sì bàjẹ́ pátápátá. John Glover, ọ̀kan nínú wọn, ní láti gba orí ilẹ̀ wá sí Èkó láti wá ìrànlọ́wọ́. Òun náà ló di gómìnà Èkó nígbà tó yá.