Ibi Tí A Bá Ń Gbé Là Á Ṣe: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Onígbòló

“Ibi tí a bá ń gbé là á ṣe, bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, a ó di ìkúùkù.” Òwe yìí ni àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún àlejò pé kó má gbé ìwà ilé rẹ̀ wá sílùú onílùú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé Onígbòló, ní àgbègbè Pobẹ̀, lókè Ìtàkété tí ìwé ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Sakété, a ó rí i pé kì í ṣe onílùú nìkan ni àlejò ní í bá ṣe níbẹ̀, bí kò ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ ọ̀gbun ibẹ̀, tí àwọn Ọ̀họ̀rí, ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire, tẹ̀dó sí. Bí òjò bá ti rọ̀ lámurọ̀, amọ̀ náà a di ẹrẹ̀ tí í bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ oníbàtà, tí í sì mú ẹni tó kù dé orúnkún. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ilẹ̀ kan náà a le koko, a sán yánnayànna, omi mímu a sì di ohun tí à ń wá kiri. Àwa tí a gbà pé aginjù ilẹ̀ Lárúbáwá nìkan ni òùngbẹ ti ń pa onílé, a kò tíì rìn dé Ọ̀họ̀rí.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, tí a pín ọmọ ìyá sọ́tùn-ún sósì láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, ìhà Faransé ni Kétu, Pobẹ̀ àti Ìtàkété bọ́ sí. Owó orí dé, iṣẹ́ àfipáṣe tẹ̀ lé e. Ìtàkété ló kọ́kọ́ fárígá ní 1905, tí wọ́n pa òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé kan. Ní 1914, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, tí Faransé sì ń kó ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe sójà, àwọn Ọ̀họ̀rí gbé ohun ìjà, ìjà náà sì wọ ọdún 1915. Ìbọn Faransé pọ̀ ju tiwọn lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Àmọ́ sójà tí kò mọ ibi tí ẹrẹ̀ gbé jìn, kí ni ìbọn fẹ́ ṣe fún un nígbà òjò? Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, nígbà tó ń kọ ìtàn bí Ọ̀họ̀rí ṣe kọ Faransé, láti 1895 títí dé 1960 ló tò ó, èyí tí í ṣe pé títí òmìnira fi dé ni ọ̀rọ̀ náà kò tán nílẹ̀.

Lábẹ́ amọ̀ yìí ni òkúta ẹfun wà. Òun ló mú kí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní Onígbòló, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kó tó di ti àwọn aládàáni. Ẹ̀rọ ńlá wá ń wa ibi tí sójà Faransé kò ráyè rìn. Òkúta náà kò mọ ààlà 1889: irú rẹ̀ kan náà ni wọ́n ń wà ní Ibeṣe àti ní Ewékorò, lápá Nàìjíríà.