Kìnnìún Kò Béèrè Ẹsẹ̀

Èdè Swahili ni “safari”. Ìrìnàjò ló túmọ̀ sí. Ẹni tó lè rìn tàbí gun ẹṣin ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ní 1909, Roosevelt kó aláàárù rẹpẹtẹ wọ igbó ilẹ̀ tó di Kẹ́ńyà, ó ń pa ẹranko kiri.

Mọ́tò ló yí i padà. Wọ́n sọ Kruger, ní Gúúsù Áfíríkà, di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1926. Ní 1927, mọ́tò mẹ́ta péré ló gbé àlejò wọlé. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀, àfi níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ẹ ò rí i? Àti eléré ìje, àti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ìjókòó ni wọ́n fi ń wo erin! Àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ tóóró ló ń yà wọ́n nípá, ọmọ ènìyàn ló sì kọ́ ọ.

Òfin ilẹ̀ náà ti 1996 kò gba kí wọ́n fi àbùkù ara yọ ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ilé tí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀ wà ní Skukuza báyìí. Wọn ò pọ̀. Kéèyàn tètè sọ pé òun fẹ́ ẹ.