Àwọn Ọmọ Sàró Mẹ́ta àti Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Òyìnbó, 1855

Ọwọ́ olùfúnni ní ń wà lókè. Bí ọ̀rọ̀ àgbà yìí ti rí nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ọmọ tálákà tí orí rẹ̀ pé lè rí ẹni tí yóò sanwó fún un kí ó lọ kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sanwó ní ìdí tí ó fi san án. Ọjọ́ tí ìdí náà bá yẹ̀, owó a dáwọ́ dúró. Ìtàn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ti Sàró lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1855 fi èyí hàn kedere.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọn a sì kó wọn lọ tẹ̀dó sí Freetown àti àwọn ìletò tí ó yí i ká. Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Ìgbò náà kò kéré. Ní ìletò Wellington ni a ti bí William Broughton Davies fún bàbá àti ìyá tí wọ́n jẹ́ Yorùbá. Ní Gloucester ni a ti bí James Horton ní ọdún 1835. Ìgbò ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà ni ó sì ń ṣe. Ẹnì kẹta wọn ni Samuel Campbell. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. ní Fourah Bay ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń kàwé. Owó ọkọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ohun tí káfíńtà ìletò lè dá san, ká má tilẹ̀ sọ ti owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ilé-iṣẹ́ Ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó san án. Àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ibà sì ń pa àwọn dókítà òyìnbó tí ń tọ́jú wọn. Èrò ìjọba ni pé ara ọmọ ilẹ̀ yóò gba ojú ọjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ ju ti àlejò lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ké sí ìjọ C.M.S., nígbà tí Henry Venn jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, pé kí ó yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí orí wọn pé. Kì í ṣe àánú ọmọ tálákà ni ó bí ètò yìí, bí kò ṣe àìrí dókítà tí yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé Lọ́ńdọ̀nù. Àìsàn mú Campbell, wọ́n dá a padà sí Sàró, ó sì kú. Àwọn méjì tí ó kù tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ ní King's College. Ní ọdún 1858, àwọn méjèèjì yege ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún yìí kan náà ni Davies gba oyè dókítà ní yunifásítì St Andrews. Horton gba tirẹ̀ ní Edinburgh ní ọdún 1859, ó sì fi Africanus kún orúkọ rẹ̀. Wọ́n padà sí etíkun Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí dókítà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí àwọn kan ń ṣiyèméjì sí, pé ọmọ aláwọ̀ dúdú lè kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dé góńgó, ti di ohun tí a fi ojú rí.

Horton kò dákẹ́ síbẹ̀. Ní ọdún 1861, ó kọ̀wé sí Ilé-iṣẹ́ Ogun pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kékeré sílẹ̀ ní Sàró, kí àwọn ọ̀dọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nílé kí wọ́n tó lọ parí rẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Ìjọba béèrè èrò àwọn dókítà òyìnbó tí ó wà ní etíkun, àwọn wọ̀nyí sì takò ó. Bí ètò náà ti parí nìyẹn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1868, Horton tún rọ ìjọba pé kí a sọ Fourah Bay di yunifásítì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí a sì máa kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Nígbà tí Fourah Bay darapọ̀ mọ́ yunifásítì Durham ní ọdún 1876, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ó dà.

Abẹ́òkúta náà tọ́ díẹ̀ wò nínú irú ìrànwọ́ yìí. Dókítà Harrison ti ìjọ C.M.S. bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ní ìṣègùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi kú, ẹ̀kọ́ náà sì dúró. Nathaniel King, ọ̀kan nínú wọn, ni ìjọ náà tún ràn lọ́wọ́ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di dókítà, ó sì ṣiṣẹ́ ní Èkó títí ó fi kú ní ọdún 1884. Àwọn mìíràn wá ọ̀nà ara wọn. John Randle ṣe iṣẹ́ apòògùn, ó tu owó jọ, ó sì fi owó ara rẹ̀ lọ sí Edinburgh, níbi tí ó ti yege ní ọdún 1888.

Ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ dókítà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òfin àjọ náà ni pé ìran òyìnbó nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀. Ìjọba tí ó ti fi owó rẹ̀ kọ́ Davies àti Horton ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Oògùn ibà ti mú kí etíkun rọrùn fún òyìnbó díẹ̀, ìdí tí a fi ń wá dókítà dúdú sì ti yẹ̀.

Ọdún 1930 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni ó sì ń sọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dà. Ìgbà tí yunifásítì dé Ìbàdàn ní ọdún 1948 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ìpele yunifásítì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ìwé Horton ti ọdún 1861 dé ìgbà yìí, ó di ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

Owó Ilé-iṣẹ́ Ogun kò ṣòfò, nítorí ó sọ ọmọ káfíńtà di dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni méjì péré ni ó sọ dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí Horton béèrè ni ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn tí a kò tíì bí, tí ìyípadà ọkàn àjèjì kò sì ní lè tì pa. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.