Ta Ló Ní Ká Má Béèrè Iye Owó Pósí?

Ìtàn tòní wúwo díẹ̀, àmọ́ kò sí ilé tí kò kàn: ìsìnkú, àti àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun.

Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé a máa ń ná tòmátì, a máa ń ná owó kẹ̀kẹ́, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ pósí, a máa ń panu mọ́? Ẹni tó bá béèrè pé "Èló ni?" á dà bí ẹni tí kò fẹ́ràn òkú. Mo wá ibi tí wọ́n ti bá irú ìtìjú yìí jà, mo sì bá a ní Amẹ́ríkà.

Kí ogun abẹ́lé wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń tọ́jú òkú. Àwọn obìnrin ilé àti aládùúgbò ló ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Káfíńtà tó ń kan tábìlì náà ló ń kan pósí. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa láyé àtijọ́, nígbà tí ẹbí ń wẹ òkú, tí wọ́n sì ń sin ín sínú ilé.

Ogun ló yí i padà. Àwọn ọmọ ogun ń kú síbi tó jìn sílé, ẹbí sì fẹ́ kí òkú wọn wálé. Reluwé wà, àmọ́ òkú á ti jẹrà kó tó délé. Ìgbà yẹn ni Thomas Holmes di gbajúmọ̀ nídìí gígún òkú ní abẹ́rẹ́ oògùn. Ní 1861, òun ló tọ́jú òkú Elmer Ellsworth, ọ̀rẹ́ Ààrẹ Abraham Lincoln. Holmes fúnra rẹ̀ sọ pé òkú tí òun tọ́jú lé ní 4,000. Àwọn mìíràn rí owó níbẹ̀, wọ́n pàgọ́ sẹ́bàá ojú ogun, àwọn kan lára wọn sì ń rẹ́ àwọn ẹbí jẹ. Nígbà tó di 1865, iléeṣẹ́ ológun ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ náà gba ìwé àṣẹ.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n pa Lincoln. Wọ́n gún òkú rẹ̀ lábẹ́rẹ́, wọ́n gbé e sínú reluwé kúrò ní Washington ní April 21, ó sì dé Springfield ní May 3. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, èrò rẹpẹtẹ tò láti wo ojú rẹ̀ nílùú kan sí òmíràn. Ìpolówó ọjà wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ tí aládùúgbò ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ kúrò nílé, ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní 1882, àwọn oníṣẹ́ ìsìnkú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Wíwẹ òkú, pósí, ọkọ̀, òdòdó, gbogbo rẹ̀ wá di owó kan ṣoṣo, ẹbí kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti kí ni.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ burúkú ni o. Ní 1955, nígbà tí wọ́n pa Emmett Till, ọmọ ọdún 14, ní Mississippi, ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n ṣí pósí náà sílẹ̀ ní Chicago, kí gbogbo ayé lè rí ohun tí wọ́n fi ojú ọmọ òun rí. Ilé ìsìnkú A. A. Rayner ṣe ohun tí ìyá náà wí. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé ẹbí ló pàṣẹ, oníṣẹ́ sì jẹ́ ẹ.

Ní 1963, Jessica Mitford kọ ìwé tó tú àṣírí òwò náà, ìwé ọ̀hún sì tà wàràwàrà. Ní 1984, òfin àjọ FTC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ilé ìsìnkú gbọ́dọ̀ sọ iye owó lórí fóònù, ẹni tó bá wá bá wọn sọ̀rọ̀ ìsìnkú gbọ́dọ̀ gba ìwé iye owó, ohun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ purọ́ pé òfin ní dandan ni kí wọ́n gún òkú lábẹ́rẹ́. Ẹ lè ra pósí níbòmíràn. Ní 1994 wọ́n fi kún un pé ilé ìsìnkú kò gbọ́dọ̀ gba owó kankan lé e lórí nítorí ìyẹn.

Tí ẹ bá ní ẹbí ní Houston tàbí New York, ẹ sọ èyí fún wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Àwa tá a wà nílé ńkọ́? Àwa náà ń gbé òkú sí mọ́ṣúárì títí ọmọ òkè òkun á fi dé, owó sì ń gorí owó. Torí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè: èló ni lójúmọ́? Kí ló wà nínú owó yìí, kí ni kò sí níbẹ̀? Ṣé dandan ni ká ra pósí lọ́wọ́ yín? Ẹ gbà á ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ dé ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má sì rán ẹni tí ẹkún ò tíì dá lójú rẹ̀ nìkan lọ.

Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Gbèsè ìsìnkú kì í bá òkú lọ, ọrùn alààyè ló máa ń wà. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí yín lónìí tí ara gbogbo wọn ṣì le. Ó dìgbà kan ná.