Afòyemọ̀
A-, fi, òye àti mọ̀ ló para pọ̀ di afòyemọ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ afòyemọ̀ ń dárúkọ ohun tí a kò lè fojú rí, tí a kò lè fọwọ́ kàn. Fi ì- ṣíwájú bẹ̀rù, ó di ìbẹ̀rù. Fi àì- ṣíwájú bẹ̀rù, ó di àìbẹ̀rù. Ìdí ọ̀rọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń so àfòmọ́ tirẹ̀ mọ́: kind di kindness. Ẹ wo àìbẹ̀rù nínú gbólóhùn yìí:

“Àìbẹ̀rù ni wọ́n fi ja ogun Jálumi ní Ìkìrun lọ́dún 1878.”

Àwọn kan ń pe ọ̀rọ̀-orúkọ afòyemọ̀ ní aláìṣeékà. Rárá o! Iyọ̀ kò ṣeé kà, síbẹ̀ ẹ lè tọ́ ọ wò. Èrò ṣeé kà, èrò kan, èrò méjì, ṣùgbọ́n ta ló fojú rí i rí?