Láti Inú Ìkòkò Aró dé Orí Dígí

Ní ọdún 1930, àlùfáà Francis Aupiais padà sí ilẹ̀ Dahomey pẹ̀lú ayàwòrán Frédéric Gadmer, lábẹ́ iṣẹ́ Albert Kahn, ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Faransé tí ó fẹ́ kó àwòrán gbogbo ayé jọ. Àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n yà sórí dígí, ní Abomey, Porto-Novo àti àwọn ìlú mìíràn, lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Boulogne-Billancourt, lẹ́bàá Paris, ni a tọ́jú wọn sí títí di òní.

Nígbà tí a bá fi àwọn àwòrán wọ̀nyí han ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa, níbí láàárín òkè mọ́kànlélógójì Ìdáàṣà, wọ́n a máa béèrè pé: báwo ni dígí ṣe mọ̀ pé aṣọ kan pupa, tí èkejì sì jẹ́ aláró?

Inú ọ̀dùnkún òyìnbó ni ìdáhùn wà. Lumière tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ará ìlú Lyon, bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú dígí bẹ́ẹ̀ ní 1907. Wọ́n kun hóró ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún ní àwọ̀ mẹ́ta: àwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n, àwọ̀ ewé, àti àwọ̀ aró tí ó fẹ́ jọ àlùkò. Wọ́n pò wọ́n pọ̀, wọ́n sì fọ́n wọn sórí dígí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá, ojú kò lè dá hóró kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ojú fúnra rẹ̀ ni ó ń po àwọ̀ náà. Bí ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, funfun ni a ń rí. James Clerk Maxwell ti fi ìlànà yìí hàn ní London ní 1861.

Ti ìkòkò aró yàtọ̀. Àwọn ìyá wa aláró a gún ewé ẹ̀lú, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi eérú, wọn a sì dè é fún ọjọ́ mélòó kan. Aṣọ tí a bá yọ níbẹ̀ a kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di aláró. Aró ń gbé apá pupa ìmọ́lẹ̀ mì, ó ń dá ìyókù padà sí ojú wa. Bí a ti ń tún aṣọ rì bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tí ń padà ń dín kù, títí aṣọ yóò fi dúdú. Aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí a bá rì bọ aró a di àwọ̀ ewé. Ìmọ́lẹ̀ ń fi kún ara wọn. Aró àti ọ̀dà ń yọ kúrò.

Ọ̀nà ìkòkò aró yìí ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé ń tọ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, Jacob Christoph Le Blon fi tàdáwà mẹ́ta, aláró, ìyeyè àti pupa, tẹ àwòrán aláwọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá tẹ dígí 1930 sínú ìwé, ohun tí í ṣe ìmọ́lẹ̀ ti di tàdáwà. Aṣọ àwọn bàbá ńlá wa kò ní tàn bí ó ti tàn lórí dígí mọ́.

Dígí náà pàápàá kò sì gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ó tọ́jú àwọ̀ aṣọ, kò tọ́jú iye ọjọ́ tí ẹ̀lú lò nínú ìkòkò, iye ìgbà tí a ri aṣọ, tàbí igi tí a sun fún eérú. Ẹnu àgbà ni ìyẹn wà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ìyá àgbà kan bá ṣì wà ní agboolé yín tí ó mọ iṣẹ́ aró, ẹ mú ìwé àti kálàmù, kí ẹ lọ jókòó tì í.